Ìyá mi fẹ́ kọ́ ìwé kíkà lẹ́ni ọdún 61, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́

Rísì Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ìyá mi ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Bódìjà, ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Pánlá, ẹja kíká, ẹja àrọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nísọ̀ wọn, àwọn olóńjẹ tó ń rà lọ́wọ́ wọn kò sì kéré. Wọn ò mọ̀wé. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: kò sẹ́ni tó lè fi ìṣirò rẹ́ wọn jẹ. Bí ẹ bá mú kíká méje ní 1,800 náírà ẹyọ kan, kí ẹ tó fa fóònù yọ pé ẹ fẹ́ ṣírò, wọ́n á ti ní kí ẹ mú 12,600 wá, wọ́n á sì ti máa wá ṣéńjì yín nínú tòbí.

Ìwé àwìn wọn wà lẹ́yìn pákó ilẹ̀kùn ìsọ̀, níbi tí oníbàárà ò lè rí. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Òbírí méjì tí ilà so pọ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ nìyẹn, nítorí awò ojú rẹ̀. Ṣíbí ni ti ìyá kan tó ń ta àmàlà ní Mọ́kọ́lá. Èyí tí wọ́n yà bí igi tó ṣẹ́ láàárín, bàbá kan ni tó ń tiro (ẹ jọ̀ọ́, bàbá náà ò gbọ́dọ̀ mọ̀). Ilà kúkúrú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì, ẹgbẹ̀rún kan. Ilà méjì tó dábùú ara wọn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹni tó bá san tán, wọ́n á fi àkísà tútù nu tirẹ̀ kúrò. Láti kékeré ni mo ti ń wo pákó yìí, mi ò lè kà á tán títí dòní.

Kì í ṣe pé kò sí ilé ìwé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955 ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin méjèèjì lọ. Àwọn ni wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ àǹtí ìyá wọn pé kí wọ́n lọ máa bá a kiri. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ìwé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja kì í kiri ara rẹ̀."

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wọ́n, àwa la ò fiyè sí i. Ní báǹkì, wọ́n á gbé íǹkì síwájú wọn kí wọ́n tẹ̀ka. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á ká àtàǹpàkò yẹn sínú àtẹ́lẹwọ́ títí a ó fi délé. Mo máa ń rò pé wọn ò fẹ́ kí íǹkì náà ra aṣọ wọn ni.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ọmọkùnrin kan ra ẹja 38,000 náírà lọ́wọ́ wọn, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́. Ó na fóònù ara rẹ̀ sí wọn: "Màmá, ẹ wò ó, ó ti wọlé." Wọ́n wò ó. Wọ́n mọ nọ́ńbà dáadáa, wọ́n rí 38 pẹ̀lú òdo mẹ́ta, wọ́n bá di ẹja fún un, wọ́n tún fi ẹyọ kan ta á lọ́rẹ. Kò sówó tó wọlé o. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo rò pé owó ló ń dùn wọ́n, mo ní n óò fi kún un. Wọ́n ní kì í ṣe owó. Wọ́n ní ọmọ náà kọ́kọ́ wo ojú àwọn ná kó tó na fóònù náà, ó rí i lójú àwọn pé àwọn ò lè kà á.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n wọ yàrá mi, wọ́n ní, "Kọ́ mi."

Mo ra ìwé A B D tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń lò, èyí tó ní àwòrán. Ọjọ́ kẹta ni ìjà dé. Mo ní kí wọ́n pe "A, ajá". Wọ́n pè é. Mo ní kí wọ́n tún un pè. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Rísì, ajá tí mo ti ń lé nídìí ẹja láti àárọ̀, ṣé òun náà ni mo tún máa bá ṣeré lálẹ́?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí kò yé mi. Tí mo bá gbé ìwé fún wọn, wọ́n á gbé e lọ sójú fèrèsé, wọ́n á na ọwọ́ síwájú gbọọrọ, bí ẹni tó fẹ́ dá ìwé padà fún mi. Mo rò pé inú ló ń bí wọn. Mo kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé kí wọ́n wò ó kọ, apá ọ̀tún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀! Wọ́n kọ I, wọ́n wá ń bọ̀ lápá òsì. Mo pariwo mọ́ wọn pé "Màmá, apá òsì là ń ti bẹ̀rẹ̀!" Ohùn mi lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n gbé bíró sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n lọ gbé Ìṣáà wọn kí. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí, wọn ò tíì dárúkọ ìwé mọ́.

Àmínà ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, ni wọn kì í bínú sí. Tí òun bá jókòó tì wọ́n, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ṣé ó bójú mu kí ọmọ-ọmọ máa kọ́ ìyá àgbà? Ibo ni mo ti lè rí kíláàsì àwọn àgbà tí kò jìnnà sí Bódìjà? Ìwé wo ni mo lè lò tí kì í ṣe ti ọmọdé? Ṣé Yorùbá ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ gbà mí.

Ọmọ Ìkẹjà

Tèmi ò pọ̀. Ẹ má fi àkókò màmá ṣòfò lórí A B D. Gẹ̀ẹ́sì ni álẹ́ẹ̀tì, Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù báǹkì, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára páálí oògùn. Yorùbá tí wọ́n ti ń sọ láti ọdún 61, kí ni wọ́n tún fẹ́ lọ kà nínú rẹ̀?

Tíṣà Àgbà (Ọ̀yọ́)

Rísì ọmọ mi, má bínú pé mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ju ìyá rẹ lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ àwọn àgbà níwèé kí n tó fẹ̀yìn tì. Kí o tó ra ìwé kankan mọ́, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè: ta ló ń bá màmá rẹ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́?

Tó bá jẹ́ ìwọ tàbí Àmínà ni, mú wọn lọ yẹ ojú wò. Ẹni tó na ìwé síwájú gbọọrọ tó tún ń wá ojú fèrèsé, kì í ṣe inú ló ń bí i. Ojú tó bá ti lé lógójì ọdún kì í rí ohun tó sún mọ́ ọn kedere mọ́. Ẹlẹ́ja ò lè tètè mọ̀, torí ẹja tóbi, ojú oníbàárà náà tóbi. Lẹ́tà ló kéré. Ojú mi rí i, ọmọ mi: àwọn obìnrin tó jókòó síwájú mi tí wọ́n ń sunkún pé "Tíṣà, orí mi ti kú, kò gbà á mọ́", tó sì jẹ́ pé awò ìkàwé lásán ni wọ́n nílò. Ẹnì kan wà tí mo fi oṣù mẹ́rin pariwo lé lórí kó tó di pé mo yọ awò ti ara mi fún un lọ́jọ́ kan bí ẹni ń ṣeré. Títí dòní ni mo ń rántí ojú tó fi wò mí.

Ìwé ọmọdé yẹn, fi í sílẹ̀ fún ọmọdé. Pákó ilẹ̀kùn màmá rẹ ni ìwé àkọ́kọ́. Ẹni tó ya òbírí méjì tó sì mọ̀ pé Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, ó ti ń kọ̀wé, lẹ́tà tiwa ni kò tíì lò. Lọ bá wọn nísọ̀ ní ọjọ́ tí ọjà ò gbóná, kọ BỌSẸ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ òbírí yẹn, má pa òbírí náà rẹ́. Kí wọ́n máa rí méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà, gé orúkọ náà sí méjì: BỌ, SẸ. Láti ara BỌ, ẹ lọ sí BA, BE, BẸ, BI, BO, BU. Ọ̀rọ̀ kejì, ẸJA. Kí ẹ tó lo orúkọ mẹ́wàá, gbogbo A B D ti kọjá lára wọn láìṣe pé ẹnì kan ní kí wọ́n pe "A, ajá".

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n yìí. Ní kọ́ọ̀sì tí wọ́n rán wa lọ, wọ́n sọ fún wa nípa Paulo Freire, ará Brazil kan tó ń kọ́ àwọn àgbà níwèé. Ní 1963, ní Angicos, ìlú kan níbẹ̀, wọ́n fi nǹkan bí ogójì wákàtí kọ́ nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ ní ìwé. Ohun tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn náà ló fi ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ bíi tijolo, ìyẹn bíríkì. Wọ́n á gé e sí ti, jo, lo, wọ́n á wá yí ti sí ta, te, to, tu. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ní inú Yorùbá gan-an ló yẹ kí ọgbọ́n yìí máa gbé, nítorí ọ̀rọ̀ tiwa rọrùn láti gé ju tiwọn lọ. Kò sí kọ́ńsónáǹtì tó ń dúró lẹ́yìn fáwẹ́lì láti dí ọ lọ́nà.

Kí o má gbàgbé àmì ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni kí wọ́n ti mọ̀ pé E ọ̀tọ̀, Ẹ ọ̀tọ̀. O ọ̀tọ̀, Ọ ọ̀tọ̀. S ọ̀tọ̀, Ṣ ọ̀tọ̀. Lẹ́tà ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àmì ohùn orí lè dúró díẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ò lè dúró. Kí o sì ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé àtijọ́: àwọn tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó tún àkọtọ́ ṣe ní 1974 máa ń kọ "aiye" àti "ẹiyẹ". Àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á máa wá "i" tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìkẹjà, mi ò bá ọ jà. Àmọ́ ẹni tí kò tíì kàwé rí ní èdè tó gbọ́, tí o wá gbé èdè tí kò gbọ́ fún, iṣẹ́ méjì lo gbé lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tó ń jáde lẹ́nu òun ló wà nínú ìwé. Ní ti álẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ò nílò Gẹ̀ẹ́sì odidi. A B D wa jẹ́ 25, kò sí C nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Q, V, X àti Z. Ẹ kọ́ wọn ní C bí ẹni ń fi àlejò han ènìyàn. CR, owó wọlé. DR, owó jáde. Ọ̀sẹ̀ kan ti tó fún ìyẹn. Kí wọ́n sì fi ṣòfin láti òní lọ: fóònù oníbàárà kì í ṣe ẹ̀rí. Fóònù tiwọn nìkan ni, iye tó wà nínú àkáǹtì tiwọn nìkan ni.

Ti Àmínà ńkọ́? Jẹ́ kó kọ́ wọn. Ní Cuba ní 1961, àwọn ọ̀dọ́ bí 100,000 ló gbé àtùpà lọ sí oko àti abúlé láti kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, àwọn mìíràn nínú wọn ò ju Àmínà lọ. Ó ju 700,000 ènìyàn tó mọ̀wé ní ọdún kan yẹn. Ìdánwò ìparí wọn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Fidel Castro. Màmá rẹ ò ní kọ̀wé sí Castro, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ̀wé sí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Ohun kan ni kí o ṣe: jẹ́ kí màmá náà máa kọ́ Àmínà ní nǹkan. Kí Àmínà kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò láì lo fóònù. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàṣípààrọ̀, ojú kì í ti àgbà.

Kíláàsì: láti 1990 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀ ní Abùjá, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, béèrè ibùdó ẹ̀kọ́ àgbà tó sún mọ́ ọjà. Yunifásítì Ìbàdàn náà ò jìnnà sí Bódìjà, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àgbà níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 1949; ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló mọ ibi tí kíláàsì wà. Àmọ́ má kàn gba àdírẹ́sì kí o máa mú màmá lọ. Lọ fúnra rẹ ní wákàtí tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ni, kí o fi ojú ara rẹ rí i. Mo mọ ibùdó kan tó jẹ́ pé bọ́ọ̀dù nìkan ló ń wá síṣẹ́ déédéé níbẹ̀. Mi ò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi púpọ̀, owó tí wọ́n ń fún wa nígbà kan ò tó owó ọkọ̀. Ní ibùdó tèmi, oṣù mẹ́sàn-án ni ìpele kìíní. Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí gbogbo àgbáyé ń ṣe láti 1967, la máa ń kó wọn lọ gba ìwé ẹ̀rí. Àǹkárá kan náà ni wọ́n máa ń rà.

Ìyá Mọ́dínà (Ìlọrin)

Tíṣà ti sọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n ohun kan kọjá lójú wọn. Rísì, ṣé màmá yín kéwú?

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún kò ṣàṣìṣe kankan o. Apá ọ̀tún ni kéwú ti ń bẹ̀rẹ̀! Bí wọ́n bá ti di wàláà mú lọ́mọdé, ọwọ́ wọn ò gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ìyá mi. Wọ́n ka Kùránì já, wọ́n ń ka á lójoojúmọ́ láàárọ̀, síbẹ̀ ọkùnrin kan tó wá ń kọ orúkọ kiri ilé kọ wọ́n sílẹ̀ bíi púrúǹtù. Mo wà níbẹ̀. Ó bi wọ́n pé "Màmá, ṣé ẹ mọ̀wé?", wọ́n ní rárá, torí ìwé tí ó ní lọ́kàn ni wọ́n dáhùn. Bẹ́ẹ̀, àwọn àlùfáà wa fi lẹ́tà kéwú kọ Yorùbá pàápàá láyé àtijọ́.

Ẹ lọ bẹ màmá. Kí ẹ wá fi bíró pupa fa ilà sí etí òsì ìwé wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ ní ẹnu ọ̀nà rèé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Rísì Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ìbàdàn)

Ara mi bù máṣọ. Wọ́n kéwú dé Sábíì, ọ̀kan nínú àwọn súrà Kùránì, kí wọ́n tó mú wọn lọ kiri, àwọn fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ nígbà Ramadáànù. Mi ò so ó pọ̀ rárá! Èmi ni mò ń pariwo mọ́ ẹni tó mọ ìwé kan tí èmi ò mọ̀. Màmá Tíṣà, èmi náà ló ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ń lọ bẹ̀ wọ́n lálẹ́ yìí.

Bàbá Onídáńfó

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi á kà á. Èkó ni mo ti wa ọkọ̀, ọdún méjìlélógún. Mi ò mọ̀wé títí mo fi pé ọdún 43. Ọgbọ́n tí mo ń dá ni pé mo máa ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, bá mi ka èyí, mo gbàgbé awò mi sílé." Mi ò ní awò rí láyé mi. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ìyàwó mi mọ̀, lọ́jọ́ tó ra awò fún mi.

Òun ló kọ́ mi. Ìdùnnú mi ni bọ́ọ̀dù ojú títì, ìyẹn náà ló sì kọ́kọ́ dà mí láàmú: Òṣòdì tí mo kọ́ nílé ní Ṣ, èyí tó wà lójú títì ní S àti H. Mo rò pé wọ́n ti gbé Òṣòdì lọ síbòmíràn. Ẹ tètè sọ fún màmá pé ojú títì kì í kọ Yorùbá dáadáa.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni fóònù. Ohùn nìkan ni mo ti ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lórí WhatsApp. Ìyàwó mi ní òun ò ní dáhùn ohùn mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí n kọ ọ́. Ebi ló kọ́ mi ní "kí lẹ sè".

Ìyá Ìbejì (London)

Àwa tí a wà lókè òkun ní ìṣòro yìí láti apá kejì. Màmá mi mọ Yorùbá kà, àwọn ìbejì mi ò mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ Sátidé, a máa ń pe màmá lórí fídíò, wọ́n á ka ìtàn, àwọn ọmọ á tẹ̀ lé wọn. Orí African Storybook ni mo ti ń mú ìtàn, ọ̀fẹ́ ni, ó ní ti Yorùbá, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ti ọmọdé ni lóòótọ́, nítorí náà ẹ má sọ fún màmá pé àwọn lẹ fẹ́ kọ́. Ẹ ní kí wọ́n bá Àmínà kà á. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Rísì Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti béèrè ọ̀rọ̀ níbí, ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ.

Awò ni a kọ́kọ́ rà. Wọ́n fi sójú, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn lẹ́yìn àti níwájú, wọ́n ní, "Háà! Báyìí ni ọwọ́ mi ṣe gbó?" Wọ́n wo ojú èmi náà, wọ́n ní kí n lọ sùn dáadáa.

Ibùdó àkọ́kọ́ tí wọ́n júwe fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ, kọ́kọ́rọ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìkejì wà nínú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Aago mẹ́rin sì ni àwọn olóńjẹ máa ń wá ra ẹja. A jà lórí ìyẹn díẹ̀. Ní báyìí ọmọ iṣẹ́ wọn ló ń dúró sísọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì, wọ́n sì ti padà bá a ka ẹja lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fọkàn balẹ̀. Obìnrin mẹ́wàá ni wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú bàbá kan. Àga àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n ń jókòó sí, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Màmá ní ìyẹn nìkan ló burú níbẹ̀.

Àmínà ló ni pákó ilẹ̀kùn. Orúkọ mọ́kànlá ló ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì wọn. Ti bàbá tó ń tiro, a ti kọ orúkọ rẹ̀ gan-an síbẹ̀, a sì ti pa igi tó ṣẹ́ yẹn rẹ́, ẹ̀rí ọkàn mi náà ti balẹ̀. Wọ́n ṣì ń dàrú láàárín GB àti P, wọ́n ní P wa yìí ń fi K pamọ́ sínú. Ní ti álẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti lé oníbàárà kan tó na fóònù sí wọn. Owó ọkùnrin náà wọlé lóòótọ́, a ní láti lọ bẹ̀ ẹ́.

Bọ́ọ̀dù kan wà lókè ìsọ̀ wọn, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ rèé. Wọ́n san owó dáadáa lórí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ gbé oúnjẹ fún wọn, mo bá wọn tí wọ́n dúró síta, awò lójú, ọwọ́ níbàdí, tí wọ́n ń wo òkè. IYA RISI ELEJA ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á. Mo ní, "Ìyá Rísì Ẹlẹ́ja." Wọ́n ní, "Irọ́. Àmì rẹ̀ dà?" Mo wò ó. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń kọjá lábẹ́ bọ́ọ̀dù yẹn. Wọ́n ní, "Eleja ló kọ. Ta ló ń jẹ́ Eleja?" Wọ́n ní kí n wá oníbọ́ọ̀dù náà rí, pé ó jẹ àwọn ní àmì méjì.

Mo rò pé eré ni. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo yọjú sẹ́yìn pákó. Lábẹ́ gbogbo orúkọ tí Àmínà kọ, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ Àmínà, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó wọ́ díẹ̀, láti òsì lọ sí ọ̀tún: ONIBỌDU. Ilà kúkúrú méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.